Ó Tún Dé, Ó sì Tún Kọjá

Ẹ bá mi yin Ọlọ́run, ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́, nítorí odindi ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi dákẹ́, n kò sì lè kọ ohunkóhun títí ewu fi kọjá. Ẹni tó bá ti ń bá mi bọ̀ láti ọdún 2016, tí bàbá mi sùn tí wọn kò jí, mọ̀ pé ìbẹ̀rù àìsàn ni mo ń wí, èyí tó máa ń dé bí àlejò tí kò ránṣẹ́ ṣáájú, tí yóò lo oṣù kan tàbí méjì, tí yóò sì lọ, tí n ó fi rò pé ó ti lọ nìyẹn. Ní 2018, ọkàn mi ni mo ń ṣọ́. Ní 2020, nígbà tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù Kòrónà, ó di ẹ̀dọ̀fóró. Ní 2022, mo gbà pé kókó ti wà nínú ọpọlọ mi, nítorí pé orí mi ń gbóná, nǹkan sì ń rìn nínú rẹ̀ bí èèrà. Lọ́dún yìí, a sin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan tí kò tíì pé ẹni ọdún 45, mo délé láti itẹ́ òkú, mo fi ọwọ́ kan àyà mi, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo àyẹ̀wò tí mo ti ṣe láti ìgbà yẹn ló dára. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn mi bí ó ti ń ṣí tó ń pa dé, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀. Owó àjọ mi lẹ́ẹ̀mejì ló bá a lọ. Bí dókítà bá ti ní kò sí nǹkan kan, inú mi yóò dùn débi pé n ó ya ọjà ra ẹja. Ṣùgbọ́n ìdùnnú náà kì í pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkàn mi yóò fi bi mí pé, bí ẹ̀rọ wọn bá ti gbó ńkọ́? Ẹ̀rọ tí mo rà sílé láti fi wo ẹ̀jẹ̀ ríru, aṣọ rẹ̀ tí a ń wé mọ́ apá kò lẹ̀ mọ́ nítorí ìlòkulò. Ìwé tí mo ń kọ iye rẹ̀ sí wà níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí: ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ìgbà 41 ni mo lò ó. Ti àárọ̀ jẹ́ 118 lórí 76, tí kò sí aburú kankan níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di alẹ́, ìpayà ti gbé e dé 152 lórí 94.

Òru tí mo fẹ́ sọ gan-an, aago méjì ti kọjá díẹ̀, ọyẹ́ ń fẹ́, bàbá àwọn ọmọ sì wà ní ìrìn àjò. Àyà mi ń lù kìkì, ìka ọwọ́ àti ètè mi kú tipiri. Mo ti kọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì mi àti iye owó ilé-ìwé tó kù sínú bébà kan, mo ti fi í sábẹ́ Bíbélì, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ bá òkú mi lè rí i. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọn kò pariwo, wọn kò sì sáré wá mọ́tò. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n gbójú sókè wo aago ara ògiri. "Ìyàwó mi, ìgbà 128 ló lù ní ìṣẹ́jú kan. Ọkàn tó ń sáré ni, kì í ṣe ọkàn tó fẹ́ kú. Jókòó tì mí ká jọ máa wò ó."

Wọ́n ní bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ara a máa tú adrénálíìnì sínú ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá ko ejò lójú ọ̀nà, òun ló ń lé ọkàn mi sáré; àti pé mímí gúlegúle tí mo ń mí ń gbá afẹ́fẹ́ tó yẹ kó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ dànù, ìdí nìyẹn tí ìka àti ètè mi fi kú. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú ọsàn, wọ́n ní kí n máa mí jẹ́jẹ́, kí n sì máa wo ọ̀bẹ. Wọ́n bó o láti orí dé ìdí, èèpo rẹ̀ kò já. Ọsàn kejì parí, wọ́n tún kà: 104. Ìkẹta, 86. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ náà wá, wọ́n fi ìró wé e sínú àpò wọn, wọ́n sì mú mi lọ bá dókítà tó ń tọ́jú ìrònú àti ìpayà, kì í ṣe ti ọkàn tó ń lù. Ìyẹn kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àyẹ̀wò ni oúnjẹ ìbẹ̀rù yìí, bí mo bá ti ń fún un jẹ, kò ní í lọ. Bó bá ti ń ṣe mí bíi kí n wò, kí n kọ́kọ́ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bó bá yá, 30. Kí n sì yé bi ọkọ mi léèrè bóyá ojú mi ti funfun.

Àwọn kan wà tí wọn kò retí ọpẹ́ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ tiwọn náà. Ẹ̀yin tí ẹ sọ mí ní Ìyá Àyẹ̀wò nínú ọ́fíìsì, mo gbọ́. Ẹni tó ń ka Bíbélì lé mi lórí bí ẹni ń na ọmọ, tó ní n kò ní ìgbàgbọ́, mo ṣì ń wá sí ìdánrawò akọrin. Ẹni tó ní kí n ṣọ́ra fún ìyá ọkọ mi, Àǹtí tó jókòó tì mí lóru ọjọ́ yẹn, ọmọ bíbí inú wọn ni. Èyí tó sì fi mí rẹ́rìn-ín pé Aro ló kù, kó lọ bèèrè ohun tí ń jẹ́ Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ l'Ábẹ́òkúta, níbi tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn sílé àwọn ará abúlé ní 1954, tí wọn yóò gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, tí wọn yóò sì padà sáàárín ẹbí wọn ní alẹ́. Àwọn oníṣègùn òkè òkun wá kọ́gbọ́n níbẹ̀. Bí mo bá lọ, ìtìjú kọ́.

N kò sọ pé kí ẹni tí àyà ń dùn jókòó sílé o. Ẹ tètè lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò dáadáa. Àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá lórí ohun kan náà ni mo ń bá wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi àmì àrùn mẹ́wàá ránṣẹ́ sórí WhatsApp ní aago márùn-ún ìdájí. Ẹ kò mọ ẹni tó ń fi ọwọ́ kan ara rẹ̀ bó ti ń kà á.

Dókítà ti sọ fún mi pé ó lè padà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nǹkan kan gún mi láyà bí mo ti ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Mo wo aago, mo máàkì ìwé méje sí i, ó sì lọ. Ní alẹ́, mo pe Àǹtí, mo fi àwàdà ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ mi padà. Wọ́n ní àwọn ti yọ bátìrì rẹ̀ sínú rímóòtù tẹlifíṣọ̀n.