Gbogbo inú rírun kọ́ ni nǹkan oṣù

Ẹ̀yin màmá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ yìí. Tí inú bá ti ń run ọmọbìnrin, a ó ní nǹkan oṣù ni, tí kì í bá ṣe nǹkan oṣù ó di ọ́sà, tí kì í bá ṣe ọ́sà ó di jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n á po àgbo, ọmọ á bì í, wọ́n á ní àgbo ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ gbà mí o!

Nígbà míì, ilé ẹyin ló lọ́ nínú ọmọ. Ilé ẹyin obìnrin ò dúró gbagidi sójú kan, orí okùn kan ló rọ̀ sí, inú okùn yẹn náà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ gbà. Tí àpò omi bá wú lára ẹ̀, pàápàá tó bá ju 5 cm lọ, ó lè yí bírí kí okùn náà lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Iṣan tó ń gbẹ́jẹ̀ jáde ló kọ́kọ́ máa ń dí, ẹ̀jẹ̀ á ṣì máa wọlé, ni gbogbo ẹ̀ á bá wú, tó bá yá kò ní wọlé mọ́. Apá ọ̀tún ló wọ́pọ̀ jù, torí ìfun ńlá tó wà lósì kì í fi bẹ́ẹ̀ fún tòsì láyè.

Ìrora ẹ̀ máa ń dé lójijì, lápá kan, tòun tèébì. Ó tún lè rọlẹ̀ kó tó padà dé, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Sikáànì gan-an lè ní ẹ̀jẹ̀ ṣì ń lọ síbẹ̀, kó sì ti lọ́.

Ìfun náà máa ń lọ́ o, bí kò tiẹ̀ wọ́pọ̀ lára ọ̀dọ́. Inú á wú gbandu, á máa bì, kò ní lè yàgbẹ́, kò ní lè só (ẹ má rẹ́rìn-ín, dókítà máa bèèrè). Kí aláboyún àti ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ inú fún rí má fojú kéré ẹ̀. Ẹ má fún un ní oògùn ìyàgbẹ́ o, kó má jẹun, kó má mumi, torí wọ́n lè gbé e wọ tíátà lọ́jọ́ yẹn.

Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ti rí i pé ilé ẹyin ti dúdú, gígé ni. Ní báyìí wọ́n ti mọ̀ pé dúdú yẹn ò ní kó ti kú, wọ́n á tú u, wọ́n á fi í sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń padà bọ̀ sípò. Ẹ bi dókítà léèrè ìyẹn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Tí wọ́n bá sì ní kọ́mọ yín tọ̀ kí wọ́n fi yẹ oyún wò, ẹ má bá nọ́ọ̀sì jà, oyún tó dúró síta ilé ọmọ náà máa ń dunni báyẹn.