Ọdún 2010 mi: ìbọ̀sẹ̀, pátá àti "ẹ kú ewu"

Lóṣù kìíní, ohun mẹ́ta ni mo kọ sínú ìwé: kí n gbọ́ èdè Jámánì, kí ikùn mi wọlé díẹ̀, kí n má kàn jókòó sílé máa retí ìpè Bàbá Tóbi láti Kandahar, lójú ogun Afghanistan. Títí dòní, ìka ni mo fi ń júwe ẹran fún alápatà. Ikùn ṣì wà níbi tó wà. Ẹ̀kẹta ló gbé mi dé ọsibítù àwọn ológun Amẹ́ríkà tó wà lórí òkè ní Landstuhl, nílẹ̀ Jámánì níbí, tí mo ti ń yọ̀ǹda ara mi ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ẹ̀jẹ̀ ni mò ń nù. Rárá o, ìbọ̀sẹ̀ ni mò ń ká. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní Afghanistan, bàálù C-17 ló ń gbé wọn wá sí pápákọ̀ òfurufú Ramstein nítòsí wa, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù á wá gbé wọn gòkè wá bá wa. Wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ kúrò lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹlòmíì ò ní ju bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ. Àwa la máa wá pátá, búrọ́ọ̀ṣì àti ṣòkòtò fún un. Ṣòkòtò yẹn lọ́gbọ́n nínú: ó là lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ra, bẹ́ ẹ bá ya á, á dún fààà. Irin tí dókítà fi de egungun ẹlòmíì yọ síta. Ṣòkòtò wo lèèyàn fẹ́ kì bọ̀ ọ́?

Lóṣù kẹrin, eérú òkè ayọnáyèéfín ilẹ̀ Iceland dí ojú ọ̀run, wọ́n sì ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ gba ibòmíì. Inú bí mi pé iṣẹ́ ò sí, kí n tó rántí ohun tí à ń pè níṣẹ́.

Ìkíni ló nira jù fún mi. Gẹ̀ẹ́sì ò ní "ẹ kú ewu". Àbí kí n máa bi ẹni tí irin wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bóyá dáadáa ló wà? Àfìgbà tó di oṣù kẹwàá, tí mo rí orúkọ Yorùbá lára okùn tí ọsibítù so mọ́ ọwọ́ ọ̀dọ́ sójà kan. Mo ní, "Ọmọ mi, kú ewu o." Ó wò mí títí. Houston ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ò pọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pe mọ́mì mi. Èmi ni màá pè é."

Bẹ́ẹ̀ mi ò mọ ìyá rẹ̀ rí! Àmọ́ lójú tiẹ̀, kò sí àǹtí Yorùbá tí kò ní nọ́ńbà ìyá òun lọ́wọ́. Mo ṣèlérí pé mi ò ní pè é. Mo na ìbọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ó mú ẹyọ kan, ó dá ìkejì padà. Kí n tó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ti gbé e lọ sí Washington. Ìkejì yẹn ṣì wà nínú àpò kóòtù mi.

Bàbá Tóbi dé lóṣù kọkànlá, ó sùn fọ́jọ́ méjì. Yìnyín bo gbogbo òkè lónìí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo tún máa wọlé. Pátá onísáìsì ńlá ti fẹ́ẹ̀ tán.