Ọjọ́ Tí Bàlúù Wa Di Agẹmọ

Káfíńtà tó bá mi kan bàlúù kì í gba ìmọ̀ràn. Bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló gbà láti bá mi kàn án ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn yòókù tí mo lọ bá, "Ṣé kò sí o?" ni wọ́n ń bi mí.

Bàlúù tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí ọmọdé ń fà kiri ilé o. Èyí tó ń fò ní tòótọ́ ni, tó ń mu bẹntiróò, téèyàn á dúró sílẹ̀ tí á máa fi rìmóòtù darí ẹ̀ lókè. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ní òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ èyí tó tóbi: tí apá ẹ̀ bá jẹ́ ìpele kan ṣoṣo, láti ṣóńṣó ọ̀tún dé ti òsì kò gbọdọ̀ dín ní 80 ínǹṣì, tó bá jẹ́ ìpele méjì, 60 ti tó. Èmi lọ mú Piper Cub, bàlúù àwọn ará Amẹ́ríkà kan báyìí, mo ní ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ ni n ó ṣe. Apá ti gidi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 35 àti ínǹṣì 3. Ẹ pín in sí mẹ́rin, ó kù díẹ̀ kó pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án. Nínú ìwé, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án kì í ṣe nǹkan kan. Ẹ gbé e wọ kọ̀rídọ̀ ilé tí ayálégbé kún bámúbámú ná! Ṣe ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá ìkókó kan sá ìlédìí sí i lórí.

Igi tó yẹ ká lò ni balsa. Ecuador ni èyí tó pọ̀ jù lọ lágbàáyé ti ń wá. Káfíńtà ní, "Arère ńkọ́?" Kò kúkú parọ́. Arère fúyẹ́, kódà òyìnbó ń là á pẹlẹbẹ láti fi bo apá bàlúù tí wọ́n fi fóòmù ṣe. Àmọ́ ó lé ní ìlọ́po méjì balsa tó bá dórí òṣùwọ̀n. A fá a, a dá ihò sí i lára, títí apá náà fi ku egungun lásán bíi ti ẹja tí ológbò jẹ kù.

Ibi tá a ti fẹ́ jà ni pé apá tó gùn tó yẹn, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n á fi ọ̀pá alumíníọ̀mù so ó pọ̀ tí wọ́n bá dé pápá. Káfíńtà wò mí títí.

"Ẹyẹ wo lẹ rí, Ọ̀gá, tó ń tú apá ẹ̀ kó tó wọlé sùn?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá a lóhùn? Odindi la kàn án.

Ìjẹ̀bú-Igbó la ti rí ẹ́ńjìnnì, lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé gẹdú tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọjọ́ pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe irú bàlúù yìí ti ń lo ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ gẹdú. Ẹ ṣáà ti po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróò ẹ̀. Sàlẹ́ńsà ẹ̀ ni kò gba imú bàlúù, a bá yọ ọ́ dànù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àárọ̀ kùtùkùtù ló dáa jù láti fi fò ó, kí afẹ́fẹ́ tó jí. Oṣù keje ni, òjò ti sọ àdúgbò wa di gọ́tà, pikọ́ọ̀pù tá a háyà ní òun ò wọlé, títì lòun máa dúró sí. Ó di orí rírù. Ọ̀rá yẹ́lò tá a fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ apá yẹn kò sì fẹ́ kí nǹkan kàn án, igi wẹ́wẹ́ lásán lè lù ú. Káfíńtà bá kó ẹní tí ìyàwó mi rà, ó fi wé e látòkè délẹ̀. Okùn ò tó. Ó fa ìko yọ níbì kan, ó fi dì í, ó jẹ́ kí ìyókù máa fì sílẹ̀ yẹ́úyẹ́ú. Òun rù ú níwájú, èmi lẹ́yìn, ẹní bò wá dé àyà. Gìgísẹ̀ Káfíńtà nìkan ni mò ń rí.

A ò tíì dé ìkóríta tí mo gbọ́ igbe. Ẹnu ọ̀nà ń dún gbàgà, gbàgà. Abọ́ ń fọ́. Ẹnì kan ń ké pé "Ẹ wọlé o! Ẹ wọlé!" Ọ̀rọ̀ di bóò lọ, o yà fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Ìjẹ̀bú lè má mọ̀: òrìṣà tó ń jáde bí eégún ni Agẹmọ, mẹ́rìndínlógún la ní, ẹní àti ìko ni aṣọ wọn, oṣù keje ni wọ́n sábà máa ń jáde, obìnrin kò sì gbọdọ̀ fojú kàn wọ́n lójú ọ̀nà.

Fóònù mi dún nínú àpò. Mo fi ọwọ́ kan yọ ọ́. Ìyàwó mi ni, tó ti jáde lọ ra ọ̀jọ̀jọ̀.

"Dádì, ẹ ti wíńdò! Ẹ má jẹ́ kí Màmá yọjú! Agẹmọ ti ń bọ̀, mo rí… rárá o, mi ò rí i! Mi ò rí nǹkan kan!"

"Níbo lo wà?"

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò mọ onílé."

"Fọkàn balẹ̀. Èmi ni."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Láti ìgbà wo, Dádì?"

Kí n tó ṣàlàyé, àwọn bàbá mẹ́ta ti dúró síwájú wa. A kí wọn, wọn ò jẹ́. Èyí tó dé fìlà ní ilé wo la ti gbé e jáde, ta ló rán wa? Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, apá bàlúù ni. A tú ẹní, yẹ́lò yọ. Bàbá na ọ̀pá kàn án, ó yí i ká. Ọmọọṣẹ́ Káfíńtà náà sì ti gbé ara bàlúù dé.

"Ó ń ṣiṣẹ́?" Bàbá ni kó ṣáà béèrè. Mo ní kí Káfíńtà má dán an wò. Mo ti sọ fún yín pé kì í gba ìmọ̀ràn. Ó ní kí ọmọ náà di ìrù mú, ó yí fáànù, ẹ́ńjìnnì gẹdú tí kò ní sàlẹ́ńsà bú ramúramù láàárín àdúgbò.

Àwọn ilẹ̀kùn tó ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀ tún pa dé gbàgà. Nínú ilé kan, obìnrin kan pariwo pé, "Yéè! Orò náà ti dé!"

"Pa á! Pa á!" Bàbá onífìlà ti wà lẹ́yìn ògiri.

Ọmọdébìnrin bíntín kan ló gbà wá. Ó bọ́ mọ́ ìyá ẹ̀ lọ́wọ́, ó wá fọwọ́ kan apá náà, ó ní ṣé òun lè gùn ún dé Èkó. Ìgbà yẹn ni àwọn ìyá tó jáde wá, ìyàwó mi ló kẹ́yìn. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ẹní ẹ̀ ló ń wò.

Afẹ́fẹ́ ti ń mi orí ọ̀pẹ, onípikọ́ọ̀pù ti gba owó ẹ̀ lọ. Ọlọ́jọ̀jọ̀ wá jókòó tì mí, ó ń ṣírò: èyí tó jóná nínú agbada, èyí tó ti dín sílẹ̀ tí bàbá méjì ti jẹ tán nígbà tí ẹ̀kẹta ń wádìí ọ̀rọ̀, àti bàtà ẹ̀ tó bọ́ sínú gọ́tà nígbà tó ń sá. Mo ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sọnù, kí ló dé tó ń gba owó méjèèjì?

"Ẹ lọ sí ọjà Òkè-Ajé, ẹ bá mi ra ẹsẹ̀ kan wá."