Aago inú hómù tíátà mi ń gbọ̀n: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Sátidé

Mo yọ ìdérí hómù tíátà mi lónìí. Tòkunbọ̀ ni, ó ń gbé sípíkà márùn-ún àti wúfà kan, ó sì ti pé ọdún méje tí mo ti rà á lójú ọ̀nà Táíwò, níbí ní Ìlọrin. Eruku ọyẹ́ ti kún inú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n gbé e sẹ́bàá ọ̀nà. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun ni mo fi gbá a, díẹ̀díẹ̀, kí n má baà fa wáyà kankan já.

Ẹ̀rọ náà ò bàjẹ́ o. Ó ń dún, àwọn ọmọ ń wo fíìmù wọn, ẹnikẹ́ni ò ráhùn nínú ilé. Èmi ni ìfura kan ń jẹ́ kí n má sùn dáadáa: ṣé aago inú rẹ̀ dúró ṣinṣin?

Nọ́ńbà ni ohùn tó wà nínú DVD. 48,000 nọ́ńbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ní láti sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan di iná tó ń ti sípíkà, kó sì tò wọ́n tẹ̀léra ní àlàfo tó dọ́gba, máíkírósẹ́kọ́ǹdù 20.83 láàárín ọ̀kan sí èkejì (máíkírósẹ́kọ́ǹdù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá). Aago kan ló ń pa àlàfo yẹn mọ́. Bó bá yá díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó falẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nọ́ńbà ò yí padà, ṣùgbọ́n ohùn ti yí, torí nọ́ńbà tó tọ́ bọ́ sí àsìkò tí kì í ṣe tirẹ̀. Jitter ni wọ́n ń pè é. Gbígbọ̀n aago ni mo ń pè é ní tèmi.

Àtìní

Lálẹ́ òní mo ṣe fáìlì ohùn ìdánwò tí Julian Dunn gbé kalẹ̀, èyí tí gbogbo ẹni tó ń wọn nǹkan yìí mọ̀ sí J-test. Fún 48 kHz, ìyẹn nọ́ńbà 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn kan ṣoṣo ni, 12 kHz (ó ń mì nígbà 12,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá), bíìtì tó kéré jù lọ, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, sì ń yí padà lábẹ́ rẹ̀ ní 250 Hz kó lè da aago láàmú bí aago bá ṣe é dà láàmú. Bí gbogbo nǹkan bá dára, òpó kan ló máa dúró lójú láàpùtọ́ọ̀pù, níbi àwòrán tó ń to ohùn láti orí èyí tó nípọn dé èyí tó tín-ín-rín, ní 12 kHz. Bí aago bá ń gbọ̀n, òpó kéékèèké á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tọ̀tún tòsì, ní àlàfo tó dọ́gba.

Mo ní láti kọ́kọ́ mọ̀ bóyá sáǹdù kádì tí mo fi ń wọn nǹkan ṣeé gbára lé. Mi ò so ẹnu àbájáde rẹ̀ mọ́ ẹnu àbáwọlé rẹ̀, torí aago kan náà ló ń darí méjèèjì: bó bá gbọ̀n níbi tó ti ń sọ̀rọ̀, á gbọ̀n bákan náà níbi tó ti ń gbọ́, á sì dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Fóònù mi tó ń lo bátìrì ara rẹ̀ ni mo fi dán an wò. Òpó kan ṣoṣo ló yọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì mọ́ dé −118 dB (dB ni mo fi ń wọn bí nǹkan ṣe kéré sí òpó ńlá: bó bá ṣe jìnnà sísàlẹ̀ òdo tó ni ó ṣe kéré tó). Aago méjì tí kò mọ ara wọn rí bá ara wọn mu. Ọkàn mi balẹ̀.

Ó wá kan hómù tíátà. Nínú RCA, ihò okùn ohùn tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ọsàn, òpó méjì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, −101 dB. Nínú HDMI, okùn tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀, −92. Ìṣirò rẹ̀ ò le: ẹ fi pàì (3.14) ṣe ìlọ́po 12,000, kí ẹ tún fi iye ìṣẹ́jú-àáyá tí aago fi ń yà kúrò lọ́nà ṣe ìlọ́po rẹ̀. Nánósẹ́kọ́ǹdù kan péré, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún máíkírósẹ́kọ́ǹdù, á gbé òpó ẹ̀gbẹ́ dé −88.5 dB. −92 tèmi jẹ́ bíi nánósẹ́kọ́ǹdù 0.67.

Mo tún ṣe ìdánwò kan kí n tó sùn, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí pé kó má fò ó. Mo yí ohùn náà sí 3 kHz. Bó bá jẹ́ pé ariwo iná ló ń gbé ohùn sókè sódò, òpó ẹ̀gbẹ́ á dúró síbi tó wà. Aago tó ń gbọ̀n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ohùn bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ìwọ̀n òpó ẹ̀gbẹ́ ń dín, torí ohùn tó ń rìn jẹ́jẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí láàárín àṣìṣe kékeré. Láti 12 kHz sí 3 kHz, ó yẹ kó dín ní 12 dB. Tèmi bọ́ láti −92 sí −104. Aago ni.

Àlàrùbá

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé kí n ra kírísítà tuntun, ẹ̀yà kékeré tó ń fún aago ní ìrìn rẹ̀. Mo tiẹ̀ ti rí ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 24.576 MHz, tó jẹ́ ìlọ́po 512 fún 48 kHz. Mo gbé owó rẹ̀ sọ́wọ́ kan, mo sì jókòó láti ṣírò bóyá ó lè ṣiṣẹ́.

Kò lè ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ mìíràn kò lè máa rìn ní ìrìn tiẹ̀. Ká ní kírísítà tí ń bẹ nínú ẹ̀rọ DVD àti tèmi fi ìpín 100 nínú mílíọ̀nù yàtọ̀ síra wọn, èyí tí kì í ṣe nǹkan bàbàrà, nọ́ńbà 4.8 á máa ṣẹ́kù tàbí kí ó dín ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá fi ibi ìpamọ́ tó gba ohùn ìṣẹ́jú-àáyá kan síbẹ̀, á kún tàbí á gbẹ láàárín wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ohùn á já lójú fíìmù. Ìṣẹ́jú-àáyá kan tó ń dúró yẹn nìkan sì ti tó láti jẹ́ kí ẹnu òṣèré máa mì ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo PLL, aago tí ń tẹ̀lé aago ẹlòmíràn. Nínú okùn RCA àti okùn oníná pupa, aago wà lára nọ́ńbà fúnra wọn: ẹ̀rọ ń wo ibi tí wọ́n ti ń yí padà. HDMI ò gbé aago ohùn rárá. Aago àwòrán ló ń gbé, ó sì ń fi nọ́ńbà méjì ránṣẹ́ pé kí ẹni tó gbà á fi ṣe aago ohùn. Bí aago àwòrán bá jẹ́ 74.25 MHz, tí ohùn jẹ́ 48 kHz, ẹ pín 74.25 MHz sí ọ̀nà 74,250, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 6,144. Ó jẹ́ 6.144 MHz, tí ó jẹ́ ìlọ́po 128 fún 48,000. Ẹ wo bó ṣe mọ́ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn pípín yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ní gbogbo ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni PLL lè wo ọ̀gá rẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, òun nìkan ló dá wà, ohunkóhun tó bá fọwọ́ kàn án á mì í.

Mo dá owó kírísítà padà sí àpò.

Jímọ́ọ̀

Lẹ́yìn ìrun mo yà sí agboolé wa. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí òfì. Mo kí wọn, mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n ju ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú sọ́tùn-ún, wọ́n fa asà tó ń ti òwú mọ́ra, wọ́n ju ọ̀kọ̀ sósì, wọ́n tún fa asà mọ́ra. Ìró rẹ̀ dọ́gba débi pé orun fẹ́ gbé mi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí òwú bá pé, tí àwọ̀ pé, kí ló tún lè ba aṣọ jẹ́?"

Wọn ò gbójú sókè. "Ọwọ́ ni. Bí ọwọ́ rẹ bá le níbì kan tó dẹ̀ níbòmíì, wà á rí i bí o bá gbé aṣọ sí oòrùn."

Wọ́n fa abala aṣọ kan tí ọmọ iṣẹ́ wọn hun jáde, wọ́n gbé e sókè. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀, ó ń padà wá ní ìka mẹ́ta mẹ́ta. "Ibi tó ti ń dẹ apá nìyẹn. Wo bó ṣe jìnnà síra. Ibẹ̀ lo ti máa mọ ohun tó ń ṣe é."

Mo dìde. Mo ti ń kọ gíga àwọn òpó yẹn sílẹ̀ láti ọjọ́ Àtìní, mi ò sì tíì wọn bí wọ́n ṣe jìnnà sí òpó ńlá.

Sátidé kejì

100 Hz gééré lápá ọ̀tún, 100 Hz gééré lápá òsì.

Iná ọba jẹ́ 50 Hz. Dáyóòdù mẹ́rin tó wà lẹ́yìn tíránsífọ́mà ń mú ìdajì òkè àti ìdajì ìsàlẹ̀, nítorí náà ìgbà 100 ni kàpásítọ̀, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná, ń kún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo fẹ́ ẹ̀rí sí i, mo dúró dìgbà tí iná lọ, mo tan jẹnẹrétọ̀ kékeré wa. Òpó méjèèjì ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà! Wọ́n lọ sí 104 Hz, wọ́n sì ń rìn díẹ̀díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ náà ń sá ní bíi 52 Hz. Nígbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, ó wúwo fún jẹnẹrétọ̀, àwọn òpó sún wọlé sí òpó ńlá lójú mi. Mo pè é kó wá wò ó. Ó yọ áyọ́ọ̀nù, wọ́n padà sẹ́yìn. Ó tún ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, wọ́n tún sún wọlé. Ó ní, "Ṣé áyọ́ọ̀nù mi ló ń ba rédíò yín jẹ́ ni?" Mo ní rárá, òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi rí ohun tí mo ń wá.

Àtàláátà

Ohun tó dà mí rú ni pé lọ́sàn-án òní òpó ẹ̀gbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Lálẹ́, wọ́n padà wá. Mo ki mítà bọ ojú iná: 171 V. Ọ̀sán, 218 V ni. Gbogbo ilé ló ń tan iná lálẹ́.

Mo wá gbé ọsilosíkóòpù kékeré mi, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán bí iná ṣe ń lọ sókè sódò, síwájú rẹgulétọ̀ 5 V, ẹ̀yà tó ń mú iná dúró sójú kan kó tó bọ́ ẹ̀yà aago. Irú rẹgulétọ̀ yìí fẹ́ kí iná tó ń wọlé fi bíi 2 V ju èyí tó ń jáde lọ, ìyẹn 7 V. Lórí 171 V, òkè ìgbì iná náà dé 8.1 V, ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí 6.3 V. Ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni rẹgulétọ̀ ń jọ̀wọ́ iṣẹ́, tí iná tó ń mì ń kọjá lára rẹ̀ lọ bá PLL. Aago inú PLL sì ń tẹ̀lé iná tí wọ́n bá fún un, bó ṣe yẹ kó ṣe.

Kàpásítọ̀ tó yẹ kó di ìsàlẹ̀ yẹn mú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó ń gba ooru kúrò lára àwọn tíránsísítọ̀ ńlá. Ọdún méje ni ooru yẹn ti ń ta á.

Sátidé kẹta

Mo yọ pílọ́ọ̀gì, mo dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì tún fi rẹsísítọ̀ tú iná tó kù nínú kàpásítọ̀ ńlá méjèèjì. Ẹ má fi ọwọ́ kan ibẹ̀ láìṣe bẹ́ẹ̀. Iná inú wọn lè dúró pẹ́ lẹ́yìn tí pílọ́ọ̀gì ti kúrò.

Mo yọ́ lẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ méjèèjì, kàpásítọ̀ náà jáde. 1000 µF ni wọ́n kọ sí i lára, ìwọ̀n iná tó yẹ kó lè tọ́jú. Mítà ní 290. Orí rẹ̀ ò wú, kò jò, kò sí ohun tí ojú lásán lè fi mọ̀ ọ́n.

Mo fi 2200 µF, 25 V, èyí tó lè gba ooru 105°C rọ́pò rẹ̀. Ó ga jù tàtijọ́, mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kó jìnnà sí irin gbígbóná, mo wo apá tí àmì òdì wà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jó o mọ́lẹ̀.

Mo dúró dé aago mẹ́jọ alẹ́ kí n tó wọ̀n ọ́n, torí ìgbà yẹn ni iná máa ń dẹ̀ jù. 168 V. Ìsàlẹ̀ ìgbì dúró ní 7.7 V. Òpó 100 Hz lórí RCA ti lọ sí −114 dB, tí HDMI sí −112. Láti −92 sí −112, gbígbọ̀n rẹ̀ ti dín sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, bíi nánósẹ́kọ́ǹdù 0.067.

Lẹ́yìn ìyẹn mo gbé orin dadakúàdá kan sí i, èyí tí agogo rẹ̀ ń dún gooro níwájú. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Mi ò lè búra pé etí mi yà á sọ́tọ̀ sí tàná, mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó yà á. Ohun tí mo lè fi hàn ni òpó kan ṣoṣo ní 12 kHz, ní alẹ́ tí iná wà ní 168 V.

HDMI ṣì ní ohun kan tí kò tẹ́ mi lọ́rùn: ìsàlẹ̀ òpó ńlá rẹ̀ gbòòrò ju ti RCA lọ, bí ìdí ìkòkò. Kò ní àlàfo tó ń padà wá, nítorí náà kì í ṣe iná. Mo rò pé PLL tó ń wo ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ló fà á. Mo ti dá ìdérí padà, ṣùgbọ́n sukúrúù méjì péré ni mo fi dè é. Sátidé tó ń bọ̀ ni màá tún ṣí i.