Ẹ bá mi dúpẹ́: àmì ẹnu tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará mi. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé tí Ọlọ́run bá kó wa yọ, màá jẹ́rìí ẹ̀ ní gbangba, torí náà ẹ fara balẹ̀ kà á, ó máa gùn díẹ̀.

Títí ọmọ mi obìnrin fi pé oṣù 6, ọmú nìkan ló ń mu, omi lásán gan-an ò kàn án lẹ́nu. Ògì la fi bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ fún un, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń lá a tó ń rẹ́rìn-ín, kò sí wàhálà. Ìgbà tó yá ni Màmá, ìyá ọkọ mi, dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú tom brown tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yan tí wọ́n sì gbé lọ ẹ̀rọ: àgbàdo, ọkà bàbà, sóyà, ẹ̀pà, edé. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ògì lásán ò lè gbé ọmọ dúró, èyí ni mo fi tọ́ ọkọ ẹ." Wọn ò kúkú parọ́, ọkọ mi ga bí igi àgbọn.

Ṣíbí mẹ́ta péré. Kò tó ìṣẹ́jú 10 tí ọrùn ẹ̀ àti ẹ̀yìn etí ẹ̀ fi wú léléélé bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, ó ń fi ojú ra mí léjìká, ó ń sunkún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ẹ̀ ti pòórá. Màmá ní eyín ló fẹ́ hù, Ìyá Ìbejì tá a jọ ń gbélé ní ooru Ìbàdàn ni, oní-kẹ́míìsì ní kí n máa fi kalamáìnì pa á lára. Èmi náà gbà, àbí ta ló fẹ́ gbọ́ pé oúnjẹ ló ń ṣe ọmọ òun. Lọ́jọ́ kẹta a tún fún un, ara ẹ̀ tún wú, ó tún bi gbogbo ẹ̀ sí mi láyà, ibẹ̀ ni mo ti fura. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í jẹ edé, ètè ẹ̀ máa ń wú ni, mo wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé edé ni. Màmá bínú díẹ̀ o, ṣùgbọ́n wọ́n lọ òmíràn tí ò ní edé. Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá.

Alẹ́ ọjọ́ Tuesday la fún un ní tuntun yẹn. Ẹ̀yin ará, ètè ọmọ wú, ojú ẹ̀ pa dé, ó ń wúkọ́, tó bá mí àyà ẹ̀ á máa dún fíì-fíì, nígbà tó wá yá ara ẹ̀ rọ lọ́wọ́ mi bí aṣọ tútù. Màmá ti ń wá epo pupa ká fún un mu, ọkọ mi ní rárá, ó já ọmọ gbà, a bẹ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Mi ò rántí àdúrà kankan, Jésù Jésù nìkan ni mò ń pè, mo sì ń sọ̀rọ̀ sí Màmá nínú kẹ̀kẹ́ yẹn, ọ̀rọ̀ tí mi ò lè tẹ̀ síbí.

Dókítà obìnrin kan ló gbà á lọ́wọ́ wa ní ọsibítù, kò béèrè káàdì, kò béèrè owó, ó gún un ní abẹ́rẹ́ adrenaline ní itan, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú. Ọmọ tó ti dákẹ́ bá figbe ta. Mi ò tíì gbọ́ igbe tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi! Wọ́n ní ká sùn síbẹ̀, torí ó lè lọ tán kó tún padà dé lóru.

Láàárọ̀ dókítà ní kí n ka ohun tó wà nínú oúnjẹ náà fún òun níkọ̀ọ̀kan, iṣẹ́jú mélòó lẹ́yìn tó jẹ ẹ́, ṣé mo ya fọ́tò ara tó wú. Ó ní àlẹ́jì ló jọ, ìyẹn kí ara ọmọ máa kọ oúnjẹ kan, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta mẹ́rin la pa pọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà, èwo la fẹ́ mú? Àgbàdo ti wà nínú ògì, ìyẹn bọ́ síta. Edé ò sí níbẹ̀ mọ́ tó fi burú tó báyìí. Ó wá ku ọkà bàbà, sóyà, ẹ̀pà. Ká má dán ọ̀kankan wò nílé rárá, ká padà wá fún àyẹ̀wò.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé, àbúrò ọkọ mi yà sílé wa, ó ti ra sùyà jẹ bọ̀ ní Mọ́kọ́lá, bó ṣe wọlé ló gbé ọmọ, ó fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́. Kí n tó bu omi fún un, ibi tí ẹnu ẹ̀ kàn gan-an ti pọ́n, ó ti wú, bí ìgbà tí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ sórí ìwé. Ibẹ̀ nìkan o! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo bébà sùyà ọwọ́ ẹ̀: ẹran, alùbọ́sà, ata. Ọkọ mi ló pariwo, "Yájì, ata sùyà yẹn! Kúlíkúlí ni wọ́n ń lọ̀ sí i!" Kúlíkúlí sì rèé, ẹ̀pà ni. Sùyà ò ní sóyà, kò ní ọkà bàbà.

Nígbà tá a dé ọsibítù fún àyẹ̀wò, wọ́n kán omi àwọn oúnjẹ tá à ń fura sí yẹn sí i lápá níkọ̀ọ̀kan, wọ́n fi abẹ́rẹ́ kíún gún un, a dúró bí ìṣẹ́jú 15. Ojú ẹ̀pà nìkan ló wú.

Màmá bú sẹ́kún, wọ́n ní àwọn fọwọ́ ara àwọn fún ọmọ ọmọ àwọn ní májèlé. Dókítà ní rárá, Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní London, tí èsì ẹ̀ jáde ní 2015, fi hàn pé nínú àwọn ọmọ tó lé ní 600 tí wọ́n ti ń fura sí tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀pà lè bá jà, àwọn tí wọ́n ń fún ní nǹkan ẹ̀pà láti kékeré ni ẹ̀pà ò fi bẹ́ẹ̀ bá jà, ju àwọn tí wọ́n fi pamọ́ fún lọ. Tèmi kàn bọ́ sára àwọn tí ara wọn kọ ẹ̀pà ni. Mo kúnlẹ̀ bẹ Màmá nínú ọgbà ọsibítù yẹn, wọ́n gbé mi dìde.

Ọmọ ti pé oṣù 10 báyìí. Ó ń jẹ ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, títí kan edé tí mo parọ́ mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo la ń kọ́kọ́ fún un, láàárọ̀ tí ojú mọ́ tá a lè máa wò ó, díẹ̀ lẹ́nu ṣíbí, ọjọ́ mẹ́ta ká tó mú òmíràn. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé kan tí Màmá ń pè ní Bíbélì mi kejì.

Sunday tó ń bọ̀ la máa dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín wà, kò sí ẹ̀pà nínú ohunkóhun tá a sè. Mo mọ̀ pé gbogbo yín lẹ máa fẹ́ gbé e, ẹni tó bá ti jẹ guguru àti ẹ̀pà tàbí sùyà wá láti ilé, ẹ jọ̀ọ́, omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ àti ẹnu ni o.