Ìpàdé àdúgbò ní Los Angeles, ìpàdé àdúgbò ní Gáà-Akanbi

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tún lọ sí ìpàdé àdúgbò wa níbí, ní San Fernando Valley, apá àríwá ìlú Los Angeles. Yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n ti ń ṣe é, aago méje alẹ́. Ọmọbìnrin kan wà lára àwọn tó jókòó sí tábìlì iwájú, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síwájú rẹ̀ bíi ti àwọn àgbà yòókù. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan iná ojú títì tó ti kú lẹ́bàá ibùdókọ̀, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó sọ̀rọ̀, torí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́ tí wọ́n bá ń bọ̀ láti ibi bọ́ọ̀lù. Ó sọ̀rọ̀, àwọn àgbà dákẹ́, akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, omi gba ojú mi. Ọkàn mi ti lọ sí Gáà-Akanbi.

Gáà-Akanbi ní Ìlọrin ni mo dàgbà sí. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìpàdé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù, lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé Bàbá Alága. Àwa ọmọdé la máa ń gbálẹ̀, àwa la máa ń to àga, àwa la máa ń gbé omi tútù wá. Tí àáfà bá ti ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán, wọn á ní, “Ó yá, ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa lọ.” A ó sì lọ. Bẹ́ẹ̀ tiwa gan-an ni ìdajì ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀: ọmọ ta ló ń mugbó lẹ́yìn ilé-ìwé, àwọn wo ló ń kóra jọ sí ìta títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kí ni ká ṣe fún wọn. A kì í gbọ́ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, àfi ìgbà tí wọ́n bá dé ilé tí wọ́n ń bá wa wí.

Ti ibí ní ìtàn tirẹ̀. Ènìyàn tó ń gbé Los Angeles fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ àwọn aṣòfin ìlú kò ju 15 lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣojú ènìyàn tó lé ní 250,000. Nígbà tó máa fi di bí ọdún 1990 sókè, inú ti ń bí àwọn ará Valley pé ọ̀dọ̀ ìjọba ìlú jìnnà sí wọn, wọ́n sì fẹ́ ya kúrò kí wọ́n dá ìlú tiwọn sílẹ̀. Ní 1999, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí òfin ìlú tuntun tó dá ìgbìmọ̀ àdúgbò sílẹ̀, irú èyí tí mo lọ sí ìpàdé rẹ̀ yẹn. Ní 2002 wọ́n dìbò lórí ọ̀rọ̀ ìyapa yẹn, ìlú lápapọ̀ kọ̀ ọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ náà dúró, wọ́n sì ti di 99 báyìí.

Kò sí ẹni tó ń gba owó oṣù nínú wọn. Àdúgbò ló ń dìbò yàn wọ́n, wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, wọ́n ń jókòó títí aago mẹ́wàá. Wọn kò lè ṣòfin. Wọ́n lè kọ̀wé sí àwọn aṣòfin ìlú pé èyí ni àwa fẹ́, èyí la kò fẹ́. Ìlú ń fún ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan lówó lọ́dọọdún, 50,000 dọ́là nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti gé e wálẹ̀ láti ìgbà náà. Owó yẹn kì í wọ àpò ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ dìbò lé e lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì gbé àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ná síta. Wákàtí 72 ṣáájú ìpàdé ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti lẹ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ mọ́ ìta kí ará àdúgbò lè kà á. Nínú owó náà ni wọ́n ti ń ran àwọn ilé-ìwé ìjọba àti ẹgbẹ́ aláàánú lọ́wọ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí owó ohun èlò orin fún ilé-ìwé kan, àwọn ọmọ ọ̀hún fúnra wọn ló wá ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi nílò rẹ̀.

Ohun méjì ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Èkíní, ayálégbé ni mí, ẹ̀tọ́ mi níbẹ̀ kò sì dín sí ti onílé. Ní Gáà-Akanbi, orúkọ ẹgbẹ́ náà gan-an ti sọ ọ́: ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ni. Ayálégbé ń san owó ọlọ́dẹ lóṣooṣù bíi ti onílé, ṣùgbọ́n kò lóhùn. Èkejì, ìgbìmọ̀ púpọ̀ níbí ní àga fún ọmọ ọdún 14 sí 17. Ọmọ náà kò lè dìbò lórí ọ̀rọ̀ owó tàbí àdéhùn iṣẹ́, àmọ́ ó lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ó sì lè dìbò lórí nǹkan mìíràn. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ọmọ ọdún mẹ́rìnlá!

Ẹ má rò pé ilé wa ni mò ń tàbùkù. Ọdún tí tiransífọ́mà wa jóná, oṣù mẹ́ta gbáko la fi wà nínú òkùnkùn. Àwọn oníná ní kò sí òmíràn, pé ká lọ ra tiwa. Bàbá Alága pe ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n bu iye tí ilé kọ̀ọ̀kan máa dá. Wọ́n pe àwọn ọmọ àdúgbò tó wà ní Èkó, ní Àbújá, ní òkè òkun. Ìyá tó ń ta wàrà ní ìkóríta, tí kò ní ilé, tí kò sì sí nínú ẹgbẹ́, mú owó wá nínú aṣọ tó dì í sí, ó ní òun náà ń lo iná. A rà á. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló gbẹ́ ihò, àwọn ló fà á gun orí pèpéle, àwọn ló sùn tì í lóru kí olè má baà gé wáyà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe bọ̀hólù, bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ afárá kékeré orí gọ́tà. Mo sọ ìtàn yìí fáwọn ará ibí, wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo sọ pé àwa fúnra wa la ra tiransífọ́mà. Ìjọba ló yẹ kó rà á, mo mọ̀. Ní July 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà ní Kwara, mo sì ń retí ọjọ́ tí owó yẹn máa tẹ ẹsẹ̀ dé àdúgbò wa.

Ohun tó ń dùn mí ni pé lẹ́yìn tiransífọ́mà yẹn, nígbà tí wọ́n ń ṣírò iye tí wọ́n ná, wọ́n tún ní kí àwọn tó gbẹ́ ihò máa lọ ilé.

Òmù-Àrán ni bàbá mi ti wá. Lápá ibẹ̀ yẹn, ní Ìfẹ́lódùn, ní Ìsin, ní Èkìtì Kwara, àwọn ajínigbé ti sọ oko àti ọ̀nà di ibi ẹ̀rù. Àwọn ọdẹ àti ọ̀dọ́ ìlú ló ń wọ igbó lóru láti ṣọ́ wa. Ọmọ àbúrò bàbá mi wà lára wọn, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Bí ó bá tó ẹni tí a lè ní kó lọ fi àyà rẹ̀ gba ọta fún ìlú, kí ló dé tí kò tó ẹni tí a lè bá gbìmọ̀?

Níbí náà, nǹkan kan ń ṣaláìsí. Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin yẹn sọ̀rọ̀, àwa tó wá gbọ́ kò ju mẹ́sàn-án lọ, nínú àdúgbò tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gbé. Ọdún méjì ni mo lò kí n tó mọ orúkọ ìyá àgbà tí ògiri ilé wa jọ kan ara wọn. Ní Ìlọrin, kí ọmọ tó dé àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mọ́gàjí agbo ilé rẹ̀, ẹni tó mọ bàbá rẹ̀, tó mọ ìyá ìyá rẹ̀. Kò sí òfin ìlú tó lè fi dọ́là ra irú ìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá ni mo pe Bàbá Alága. Lẹ́yìn tí a kíra tán, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwọn ọmọ yẹn ní àga méjì nínú ìpàdé.”

Ó ní, “Ọmọ mi, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka owó lójú ọmọdé?”

Mo ṣàlàyé fún un pé níbí, wọn kì í dìbò lórí owó, wọ́n kàn ń sọ èrò ọkàn wọn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Èyí tí wọn ò ní dìbò lórí owó yẹn, ó bá mi lára mu. Màá bá àwọn àgbà sọ ọ́.”

Oṣù mẹ́rin ló gbà wọ́n. Ní ìkẹyìn wọ́n gbà kí àwọn ọ̀dọ́ yan ènìyàn méjì: ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ fọkanáísà, àti ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Níbi ìpàdé àkọ́kọ́, ọmọkùnrin náà kò la ẹnu. Ọmọbìnrin náà ló dìde, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní àwọn ọmọṣẹ́ kì í ráyè wá ìpàdé láàárọ̀ Sọ́ńdè, torí àsìkò yẹn ni wọ́n ń lọ tún ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wọn ṣe, wọ́n sì tún máa ń fọṣọ ọ̀sẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún ìpàdé sí ìrọ̀lẹ́. Láti ọdún tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò béèrè irú rẹ̀ rí.

Wọ́n sún un sí aago mẹ́rin. Bàbá Alága pè mí lóru ọjọ́ kejì, ó ní àwọn ọ̀dọ́ tó wá pọ̀ débi pé wọ́n ń dúró lẹ́yìn, pé àga tó wà nílẹ̀ kò tó mọ́, kí n bá wọn ra méjìlá sí i. Mo ti fi owó rẹ̀ ránṣẹ́.