Ìwé Àwìn Ìyá Ọmọ Kíláàsì Mi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Iléṣà.

Ìwé kan ni ó wà níwájú mi bí mo ti ń kọ àkọsílẹ̀ òní, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń lò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti fàya, epo pupa ti ta sí i lára, òórùn irú sì ń jáde láti inú rẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá ṣí i. Ìyá ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi ni ó ni ín. Ó ń ta epo, irú, èlùbọ́ àti ata gbígbẹ ní Ọjà Atákúnmọ́sà, inú ìwé yìí ni ó sì ń kọ àwọn tí wọ́n bá rajà àwìn sí. Mo lọ tọrọ ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Sátidé tó kọjá, mo sì ṣèlérí fún un pé n kò ní ka orúkọ oníbàárà kankan sétí àwọn ọmọ.

Ìdáhùn kan tí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo bi àwọn ọmọ SS1 tí mò ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé pé kí ni gbèsè, gbogbo wọn sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Ìtìjú ni, sà.” Ìdáhùn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí mo mọ̀ pé owó yíyá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wọn fi ń tajà, èrè ọjà náà ni wọ́n sì fi ń rán wọn wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Mo wá pa òwe fún wọn pé ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú ọmọ méjìdínlógójì tí ó lè sọ iye tí ẹgbẹ̀fà jẹ́. Ó dùn mí gan-an. Ìdajì àkókò wa ni a fi ka owó ẹyọ ayé àtijọ́: ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, okùn márùn-ún di igba, igba mẹ́wàá di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Nígbà tí wọ́n rí i pé igba ló wà nídìí orúkọ wọ̀nyí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣírò rẹ̀ pé igba mẹ́fà ni ẹgbẹ̀fà, èyí tí í ṣe 1,200, àti pé igba méje ni egbèje, èyí tí í ṣe 1,400. Ìgbà yẹn ni ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nawọ́ sókè, ó ní: “Sà, òwe yẹn kò ní kí èèyàn má yáwó o. Ó ní kó san án kó lè rí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ yá.” Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe náà, n kò sì rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni mo mú wọ kíláàsì lónìí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá, àwìn sì wà lára ohun tí àwọn baba wa fi kọ́lé. Lẹ́yìn Ogun Kírìjì, tí àwọn ọ̀nà ṣí padà, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù aṣọ, wọ́n ń kiri ìlú dé ìlú, abúlé dé abúlé, wọ́n ń ta aṣọ fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, wọ́n sì ń padà wá gba owó náà díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí oníbàárà wá ń sọ tọ̀tún tòsì, oníṣòwò á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á ní òṣó ni òun máa ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló ti jáde. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ọ̀kan tilẹ̀ lóṣòó fún wa wò, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí ju òṣó lọ. Òṣómàáló mọ̀ pé owó òun yóò pẹ́ níta, nítorí náà iye tí ó ń ta aṣọ ní àwìn ju iye owó ọwọ́ lọ. Ó sì ti dá ọjọ́ tí yóò padà wá. Ó ti ka ọjọ́ mọ́ owó kí ó tó tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo ṣí ìwé náà. Púpọ̀ nínú ohun tí ìyá yìí kọ kì í tilẹ̀ ṣe orúkọ: “Bàbá ọlọ́kadà”, “Ìyá ìbejì òkè”, “Àǹtí onírun”. Mo fi páálí bo apá ibẹ̀, iye owó nìkan ni mo ń pè. Mo dé ìlà kan tí a kọ “Tíṣà obìnrin” sí, mo sì tètè ṣí ojú ewé náà kọjá. Àwọn ọmọ ṣírò gbogbo rẹ̀, ó jẹ́ ₦41,300. Ìyá náà ti sọ fún mi pé bí òun bá ní kí òun tún gbogbo ọjà ìsọ̀ òun rà, nǹkan bí ₦120,000 ni yóò gbà. Èyí fi hàn pé ohun tó wà níta ju ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ lọ. Kò sì sí ọjọ́ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó kankan nínú ìwé náà, láti ojú ewé kìn-ín-ní títí dé ibi tó kọ ọ́ dé. Ọmọ rẹ̀ ní ó dá òun lójú pé òmíràn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà Kérésìmesì.

Ìyá náà yọ̀ǹda kí n sọ èyí tó kù pẹ̀lú. Owó tí à ń san lójoojúmọ́ ni ó yá: wọ́n fún un ní ₦50,000, ó sì ń san ₦2,000 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Àwọn ọmọ sọ ọ́ di ₦60,000 kíá, wọ́n ní èlé rẹ̀ jẹ́ ₦20 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé wa ti kọ́ wọn nìyẹn. Mo wá bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni ₦50,000 náà pé lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Ọjọ́ kìn-ín-ní nìkan ni. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ó ti san ₦30,000 padà. Bí a bá pa ọgbọ̀n ọjọ́ náà pọ̀, nǹkan bí ìdajì, ìyẹn ₦25,000, ni ó ń rí lò, ₦10,000 tí ó sì ń san lé e lórí jẹ́ nǹkan bí ₦40 lórí ₦100 láàárín oṣù kan péré. Mo sọ fún wọn pé àwọn àgbà ní orúkọ fún owó tó bá le báyìí, sọgúndogójì ni wọ́n ń pè é, èyí tó ń sọ ogún di ogójì.

Ọmọbìnrin náà ti ń wo pátákó láti ìgbà yìí wá. Ó dìde, ó fi ìka han 50,000, ó tún fi han 41,300, ó ní: “Sà, owó tí màmá mi ń san èlé lé lórí ni wọ́n tún ń yá àwọn èèyàn láìgba èlé.” Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Láti ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní èlé ni mo ti ń kọ ọ́ sí pátákó gẹ́gẹ́ bí ìṣirò, ọmọ kankan kò sì rí irú rẹ̀ yọ láti inú rẹ̀ rí.

A jiyàn púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ẹnì kan ní kí ìyá náà dáwọ́ àwìn dúró pátápátá, ọmọ rẹ̀ sì dá a lóhùn pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan gbogbo oníbàárà yóò ti ṣí lọ sí ìsọ̀ kejì, àti pé ẹni tó ń ra àwìn lónìí ni yóò san owó ọwọ́ nígbà tí owó oṣù bá wọlé. Òmíràn ní kí iye àwìn yàtọ̀ sí iye owó ọwọ́ bíi ti Òṣómàáló. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni pé kí ẹni tí kò bá tíì san ti àtẹ̀yìnwá má rí tuntun gbà. Mo sọ díẹ̀ nípa ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù, níbi tí èèyàn ti ń kọ́kọ́ fowó pamọ́ kí ó tó yá, àti nípa alájọ tó ń gba owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n agogo lù kí n tó parí.

Nígbà tí àwọn yòókù jáde, ọmọbìnrin náà dúró. Ó yá rúlà mi, ó fa ìlà tuntun sí gbogbo ojú ewé tí a kò tíì kọ nǹkan sí, ó sì kọ “Ọjọ́ tí wọ́n dá” sókè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá bẹ̀ mí pé kí èmi fúnra mi dá ìwé náà padà. Ó ní: “Bó bá jẹ́ èmi ni, wọ́n á ní mo fẹ́ kọ́ wọn lówò, sà.” Mo gbà fún un. Bí a bá ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ lọ́la ni n ó gba ọjà lọ.